Adé Láti Kentucky: Bí Camry Ṣe Di Ọmọ Ilé Ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìdájí ni gáréèjì máa ń jí ní Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kí oòrùn tó yọ, àwọn awakọ̀ ti ń fi aṣọ nu ìrì kúrò lójú gíláàsì, àwọn èrò sì ti ń bèèrè ọkọ̀ Òrè, ọkọ̀ Àkúrẹ́, ọkọ̀ Èkó. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ níbẹ̀ yóò rí Toyota Camry kan tí wọ́n ṣí bútù rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Àpò púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ló kọ́kọ́ wọlé, ti ìyá oníṣòwò kan tó ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Ékòó. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì tẹ̀lé e, wọ́n ti fi ọ̀rá dí ẹnu wọn kí epo má baà dà sórí ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹja gbígbẹ láti Ìgbókòdá wọ igun kan, odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sì fún ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ fi orúnkún ti ìdérí bútù, ó kọ̀, ó bá fi okùn dè é. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wá rẹlẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di gbogbo ẹrù rẹ̀ sí ìdí.

Kí ọkọ̀ náà tó gbéra, ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ gíláàsì iwájú rẹ̀, ní apá ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún sí. Bí ó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Japan ni wọ́n ti to ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ Camry tó ń ná ọ̀nà ilẹ̀ Ìkálẹ̀, 4T1 ni ẹni tó bá wò ó máa ń bá pàdé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí.

Ọkọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní ọkọ̀ Japan yìí ti rìn jìnnà kí ó tó di ọkọ̀ púpurú àti epo pupa. Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ kò ní Òkìtìpupa lọ́kàn. Àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì àti àwọn panẹ́ẹ̀lì bíítà ló gbà á tọ́, tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kanmuri ni wọ́n ń pe adé ní èdè Japan, inú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sì ti fa Camry yọ. Ó pẹ́ tí Toyota ti ń fi adé sọ ọkọ̀ lórúkọ: Crown jẹ́ adé lédè Gẹ̀ẹ́sì, Corona jẹ́ adé ní èdè Látìnì, Corolla sì jẹ́ adé kékeré ní èdè kan náà. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ iyì adé dáadáa. Ilẹ̀ Abodi ni, ilẹ̀ Jẹgun ti Ìdẹ̀pé, ilẹ̀ Rẹbuja ti Oṣóòrò, àti ti ọ̀pọ̀ ọba mìíràn tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń fi ìtàn ara rẹ̀ gbé ga. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ Camry lójoojúmọ́ ní gáréèjì ni kò mọ̀ pé inú adé lòun jókòó sí.

Aṣọ híhun ni ìdílé tó dá Toyota sílẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Sakichi Toyoda ń ṣe òfì onírin tó ń hun aṣọ fúnra rẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ òfì sílẹ̀ ní 1926. Ohun tó sọ òfì rẹ̀ di olókìkí ni pé bí òwú kan bá já, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró kí aṣọ má baà bàjẹ́. Ẹni tó bá ti rí ahunṣọ òfì níbi tó ti ń wá ibi tí òwú ti já yóò mọ irú ìnira tí ọkùnrin náà mú kúrò. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti England gbà láti san £100,000 láti lè lo ọgbọ́n òfì yìí. Ọmọ Sakichi, Kiichiro, ló wá kọjú sí ọkọ̀ ṣíṣe, wọ́n sì dá Toyota Motor sílẹ̀ ní 1937. Àṣà kí ẹ̀rọ dúró kí àléébù má baà kọjá sí iwájú kò kúrò nínú ilé-iṣẹ́ náà títí di òní.

Adé mìíràn tún wà nínú ìtàn yìí tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀. Olóyè Michael Ade Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín lẹ́bàá Àkúrẹ́, dá ilé-iṣẹ́ Elizade sílẹ̀ ní 1971. Ó mú orúkọ ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, ó so ó pọ̀ mọ́ Adé tirẹ̀. Nígbà tí Toyota Nigeria Limited dé láàárín ọdún 1990 sí 1999 láti máa kó ọkọ̀ Toyota tuntun wọ orílẹ̀-èdè yìí, òun ló wà nídìí rẹ̀. Ní 2012, ó dá Yunifásítì Elizade sílẹ̀ sí ìlú tí wọ́n ti bí i. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Òkìtìpupa bá ń sọ̀rọ̀ Toyota, ọ̀rọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ tuntun inú ilé gíláàsì ló sọ Camry di ará ilé ní Ìkálẹ̀.

Kí Camry tó gòkè, Píjó ló ni ọ̀nà. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kaduna. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ékòó. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba ti fi owó Udoji kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé sì ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn nígbà náà. Ìjàpá Volkswagen ni ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ń gùn. Píjó 504 ni ti ọ̀gá ilé-ìwé, ti dókítà àti ti kọ́ńtírátọ̀. Wágọ̀n rẹ̀ tó ní ìjókòó ọ̀wọ́ mẹ́ta ló ń kó èrò láti ìlú dé ìlú, tí orin àṣíkò Ìkálẹ̀ ti Comfort Omoge ń dún nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ara Píjó ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sì fi àṣírí pamọ́. Mẹkáníìkì tó bá ní sípánà, súkúdíráfà àti etí tó gbọ́ràn lè tún un ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọdún 1986 ló yí i padà. Ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà já wálẹ̀, iye owó ọkọ̀ tuntun sì fò kọjá ọwọ́ ẹni tó ń gba owó oṣù. Ibẹ̀ ni àlòkù ilẹ̀ òkèèrè ti ráyè wọlé. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wá sílé, kí ó tó di orúkọ ọkọ̀. Orúkọ náà sì bá ọkọ̀ mu wẹ́kú. Láti Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń wá, wọ́n á gúnlẹ̀ sí Kútọnu tàbí Èkó. Mazda 626, Nissan Bluebird, Toyota Carina, Honda Accord àti Camry bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà lọ́wọ́ Píjó díẹ̀díẹ̀. Ẹbí kan ni gbogbo wọn: ọkọ̀ Japan oníbútù tí kò kéré bíi Corolla, tí kò sì wúwo lápò bíi Crown.

Oṣù kìn-ín-ní 1980 ni orúkọ Camry kọ́kọ́ jáde ní Japan, lára ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Celica Camry. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ yẹn lọ, bíi ti Píjó. Ní 1982, Camry dá dúró lórí orúkọ ara rẹ̀, Toyota sì tún inú rẹ̀ tò: wọ́n da ẹ́ńjìnì dùbúlẹ̀ ní ìbú, wọ́n sì jẹ́ kí táyà iwájú máa fa ọkọ̀. Èrò ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Nínú Píjó, irin gígùn kan ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti iwájú lọ yí táyà ẹ̀yìn, ilẹ̀ inú ọkọ̀ sì ní láti wú sókè láàárín kí irin náà lè rí ọ̀nà. Camry kò nílò irin yẹn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ẹni tó jókòó sí àárín sì rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹni tó bá ti jókòó sí àárín láti Òkìtìpupa dé Èkó rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún orúnkún.

Ní 1988, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Camry ní Georgetown, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, láàárín Amẹ́ríkà. Ní 1997, Camry di ọkọ̀ tí wọ́n tà jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, bí a bá yọ jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù sọ́tọ̀. Honda Accord gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2001. Camry gbà á padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Èyí ló bí Camry ti Òkìtìpupa. Ibi tí wọ́n bá ti ra ọkọ̀ tuntun jù, ibẹ̀ ni àlòkù ti máa ń pọ̀ jù ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi kó o wá láti Japan tààrà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì ní Japan, apá ọ̀tún sì ni ìdarí ọkọ̀ wọn wà. Nàìjíríà náà ń gba òsì títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ orílẹ̀-èdè yìí kọjá sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́tùn-ún kò ti bá wa lò mọ́. Kenya àti Uganda, tí wọ́n ṣì ń gba òsì, ń ra àlòkù lọ́wọ́ Japan fúnra rẹ̀. Tiwa ń gba orí òkun Atlantic wá láti Amẹ́ríkà. Ìpinnu kan tí wọ́n ṣe lórí ojú títì ní 1972 ló ń sọ irú ọkọ̀ tí yóò dúró ní gáréèjì Òkìtìpupa lónìí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin Japan fi ka ọkọ̀ tí ìbú rẹ̀ bá kọjá 1,700 mílímítà mọ́ ọkọ̀ ńlá. Ìdí nìyẹn tí Camry àkọ́kọ́ fi rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó di 1991, Toyota ṣe Camry kan tí wọ́n ní Amẹ́ríkà lọ́kàn, wọ́n sì fi ìdiwọ̀n yẹn sílẹ̀: ìbú rẹ̀ jẹ́ 1,770 mílímítà, gígùn rẹ̀ jẹ́ 4,770. Igun ara rẹ̀ ṣe róbótó, ìdí rẹ̀ kún. Nígbà tó dé Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó mú ìwọ̀n tẹ́ẹ̀pù, wọ́n kàn wò ó lójú, wọ́n ní Orobo. Orúkọ tí ojú ọ̀nà sọ ọ́ yìí sọ ìtàn rẹ̀ péye ju èyí tí Toyota kọ sí i lára lọ.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn awakọ̀ wa sì wo ojú àti ìdí ọkọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó rọ́pò Orobo, tí wọ́n ṣe láti 1996 sí 2001, gba orúkọ lára iná rẹ̀: Pencil Light, Tiny Light, Drop Light, gẹ́gẹ́ bí iná oríṣi kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Èyí tó jáde ní 2001, tó ga, tó jókòó bí àgbà, di Big Daddy. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2006, tí ara rẹ̀ ki bíi ti ẹni tó ń gbé irin, di Muscle. Accord tó jẹ́ orogún rẹ̀ náà ní ti tirẹ̀: Hala, Baby Boy, End of Discussion, Evil Spirit. Bí ẹnìkan bá dé ìsọ̀ onípáàtì tó ní òun fẹ́ iná Camry ọdún 2004, wọ́n lè máa bi í ní ìbéèrè títí. Bí ó bá ní ti Big Daddy, ọmọ ìsọ̀ á ti na ọwọ́ sókè àjà. Oríkì ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Wọ́n ń sọ ìrísí ọkọ̀ àti iyì ẹni tó ń gùn ún pa pọ̀.

Big Daddy ló yẹ ká dúró tì díẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ṣì gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú Orobo àti Pencil Light tó ní ẹ́ńjìnì 2.2, bẹ́líìtì rọ́bà kan wà nínú ẹ́ńjìnì tí a ní láti pààrọ̀ lásìkò. Bí ó bá já, ọkọ̀ á kú síbi tó bá wà, ì báà jẹ́ àárín igbó Òmótóṣọ̀. Nínú ẹ́ńjìnì 2.4 ti Big Daddy, ṣéènì irin ló rọ́pò rọ́bà yẹn. Fún awakọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ìbẹ̀rù kan kúrò. Táǹkì rẹ̀ ń gba nǹkan bí lítà 70, ó sì lè gbé èrò láti Òkìtìpupa lọ sí Èkó láìyà sí ilé epo. AC rẹ̀ ń tutù. Gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, kò sí pé ẹsẹ̀ òsì ń ro awakọ̀ láàárín gó-sílóò.

Ènìyàn márùn-ún ni Toyota ṣe ọkọ̀ yìí fún, pẹ̀lú àpò ìrìnàjò wọn. Ọ̀nà Ìkálẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe. Èrò méjì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wà lẹ́yìn, bútù á sì kún bí a ti rí i yẹn. Ẹrù yẹn ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á sì máa ha ojú títì. Àwọn mẹkáníìkì wá ọgbọ́n sí i: wọ́n á fi sípíríǹgì tó le jù sí ẹ̀yìn, wọ́n á fi rọ́bà sí àárín òrùka sípíríǹgì kí ó má baà sùn mọ́lẹ̀. Ìrìn ọkọ̀ náà kò rọ̀ mọ́ fún ẹni tó jókòó, ṣùgbọ́n ẹrù dé ibi tó ń lọ. Ewu wà nínú ẹrù àpọ̀jù, ó sì yẹ ká sọ ọ́: búréèkì tí wọ́n ṣe fún ènìyàn márùn-ún kì í tètè dá ènìyàn méje àti àpò púpurú dúró.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì wò. Camry Muscle kan dé sí ìsọ̀, iná ẹ́ńjìnì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n bí ó bá dúró. Ọmọṣẹ́ ti mú sípánà, ó fẹ́ tú púlọ́ọ̀gì. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó rọra. Ó tẹ̀ wọ abẹ́ ìdarí, ó ki ẹnu ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré kan bọ ihò tó wà níbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yìí; òfin wọn ló fi dandan lé e. Ojú ẹ̀rọ kọ P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì ti pọ̀ jù fún epo tó ń bá a wọlé. Ẹlòmíràn á ní kí onímọ́tò lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Ọ̀gá yìí gbé etí lé ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́, ó fi ìka tọ rọ́bà kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbọ́ ṣíì níbi tí ọ̀kan ti là. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró, ó sì fi ẹ̀rọ pa iná rẹ́.

Ohun méjì ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹ̀rọ ayẹ̀wò àti etí tí wọ́n fi kọ́ Píjó. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí kò ní etí á máa fi owó oníbàárà ra páàtì tí kò bàjẹ́. Ẹni tó ní etí tí kò ní ẹ̀rọ á máa tú ohun tí kò yẹ kó tú. Nígbà tí ọkọ̀ onífúẹ́lì-ìńjẹ́kísọ̀n kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì Píjó bẹ̀rù ohun tí wọ́n ń pè ní brain box, àpótí kékeré tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì. Àwọn míì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó dúró kọ́ ọ lọ́wọ́ ara wọn, lọ́wọ́ rewáyà, àti lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Ladipo, ọjà páàtì ńlá tó wà ní Mushin l'Ékòó. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan tó kó wọn jọ láti kọ́ wọn. Ìmọ̀ tó ń gbé gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rìn yìí, ọ̀gá sí ọmọṣẹ́ ló ń gbà kọjá.

Wọ́n sì mọ àléébù ọkọ̀ yìí bí wọ́n ṣe mọ iyì rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 2.4 ti Muscle ọdún 2007 sí 2009 ń jẹ ọ́ìlì, nítorí òrùka tó wà lára písítìnì rẹ̀. Toyota fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ṣètò àtúnṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ètò yẹn kò dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ tó ra tòkunbọ̀. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìmọ̀ràn mẹkáníìkì: kí ó fa géèjì ọ́ìlì yọ láràárọ̀, kí ó fi àkísà nù ún, kí ó tún un kì bọ̀ ọ́, kí ó sì wo ibi tí ọ́ìlì dé kó tó gbé èrò kankan.

Ọ̀nà ni ìyà tó tún kù. Àárín Òrè àti Òkìtìpupa kò jìnnà, Òrè sì ni ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sí òpópó Ṣágámù sí Benin. Kòtò ń jẹ ṣọ́ọ̀kì, ó ń jẹ bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì, ó ń jẹ táyà. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ agbègbè yìí kún fún ọ̀dà. Ní nǹkan bí 1908 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ń gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri ibí yìí, ọ̀dà sì ń sun jáde fúnra rẹ̀ ní Agbabu títí di òní. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí a ti mọ̀ pé ohun tí a fi ń tẹ́ títì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ọmọ Ìkálẹ̀ sì ń ra ṣọ́ọ̀kì tuntun nítorí kòtò.

Ìjọba náà ní ọwọ́ nínú ìtàn yìí. Ní 2013, wọ́n gbé owó bodè ọkọ̀ tuntun lọ sókè dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè máa to ọkọ̀ nílé. Honda bẹ̀rẹ̀ sí to Accord ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 2015. Láti oṣù kìn-ín-ní 2017, wọ́n fi òfin de ọkọ̀ tó ń gba bodè orí ilẹ̀ wọlé, ọ̀nà Kútọnu sì dí. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti bodè náà pa títí di oṣù kejìlá 2020. Ọkọ̀ tuntun kò sì tìtorí rẹ̀ sún mọ́ ọwọ́ awakọ̀ Òkìtìpupa. Big Daddy tó ti lò ló ń tún ṣe, ó sì ń tún un ṣe sí i.

Lẹ́yìn náà ni epo bẹ̀ntiróòlù gbówó lórí. Kí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tó pé, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, nǹkan bí 185 náírà ni lítà kan. Táǹkì Big Daddy ń kún pẹ̀lú ohun tí kò tó 13,000 náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, lítà kan ti kọjá 900, táǹkì kan náà sì di ohun tó lé ní 63,000. Ìjọba ní kí àwọn awakọ̀ yí sí gáàsì CNG. Sílíńdà gáàsì náà, inú bútù ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Ẹ rántí bútù tí a rí ní ìdájí: àpò púpurú, kẹ́ẹ̀gì epo, ẹja, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Awakọ̀ Òkìtìpupa ní láti yàn láàárín gáàsì àti ẹrù ìyá oníṣòwò, ẹrù náà sì wà lára owó tó fi ń jẹun.

Ní ìparí 2023, Toyota dáwọ́ títa Camry dúró ní Japan, ilẹ̀ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ adé. Camry tuntun tó tẹ̀ lé e fún Amẹ́ríkà kò ní ẹ́ńjìnì epo nìkan mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń lo epo àti bátìrì ńlá pa pọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní hybrid. Ìṣirò wa ti àtẹ̀yìnwá sọ ohun tó ń bọ̀: ohun tí Kentucky bá ń ṣe lónìí, yóò dé èbúté Tin Can Island l'Ékòó gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀ láìpẹ́ ọdún, yóò sì dé Òkìtìpupa lẹ́yìn rẹ̀. Iná inú bátìrì yẹn lè pa ènìyàn. Etí nìkan kò ní tó fún un, ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré náà kò sì ní tó.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà nítòsí gan-an. Yunifásítì Olusegun Agagu, yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, Òkìtìpupa ló wà. Àwọn ìsọ̀ mẹkáníìkì náà, Òkìtìpupa ni wọ́n wà. Kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì àti rewáyà ní ìparí ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn ní bí a ṣe ń fọwọ́ kan bátìrì ọkọ̀ hybrid láìkú. Kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì náà sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní bí a ṣe ń gbọ́ ṣíì lára rọ́bà tó là. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ra ọkọ̀ hybrid kan ṣoṣo tí wọ́n á fi máa kọ́ wọn, kí wọ́n sì ṣe é kí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó dé gáréèjì.

Ní ti èyí tó wà ní gáréèjì òwúrọ̀ yẹn, èrò rẹ̀ ti pé. Awakọ̀ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó dá a padà. Ọ̀nà Òrè ló kọjú sí.